Ìkúùkù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ má bínú sí mi, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹra sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí: mo mọ gìtá béèsì ta. Okùn mẹ́rin péré ló ní, ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ kàn án, ife orí tábìlì á máa gbọ̀n. Orin olórin là ń kọ, a kò sì tijú rẹ̀. Àwọn tó ni orin wà níbi tí wọ́n wà. Àwa la wà ní ilé ọtí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí à ń mú kí àwọn tí iṣẹ́ ti lù pa gbàgbé ọ̀gá wọn.

Mẹ́rin ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun ló sì ń kọrin. Bọ̀dá Oníbúrẹ́dì ló ń lu ìlù, apá tó fi ń po ìyẹ̀fun láàárọ̀ náà ló fi ń lù ú. Wáyà, oníṣẹ́ iná, ló ń ta gìtá kejì. Èmi, onídìrí, ni mo ni béèsì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òfin kan: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹnu pe orin tó kàn. Ó ní tí ẹ bá pe orin síta, ẹnì kan á ní òun kò fẹ́ ẹ, ẹlòmíràn á ní kí ẹ kọ tòun, kí ẹ sì tó yanjú rẹ̀ ariwo á ti dákẹ́. Ariwo dákẹ́ tán, ẹsẹ̀ á rántí ilé. Nítorí náà, bó ṣe ń kọ orin kan lọ, á ti máa wo ojú àwọn oníbàárà, á wá gbé ọwọ́ sẹ́yìn, á ṣe àmì fún àwa tí a wà lẹ́yìn rẹ̀. Orin mìíràn wà tó jẹ́ ìka kan, òmíràn jẹ́ ìka méjì. Ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún ni èyí tí a sọ ní Ọkọ̀ Ojú Irin, torí ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìkúùkù ọwọ́ òsì ni Dúró Dè Mí, orin jẹ́jẹ́ tí ọkùnrin kan fi ń bẹ ìyàwó rẹ̀ kó má kó ẹrù jáde. Òfin kejì ni pé a kì í dá orin dúró láàárín, bó ti wù kó bàjẹ́ tó.

Àfi bí ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi ṣe daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní kó pa ẹnu mọ́ pátápátá. Ó ní bó bá pariwo báyìí, ohùn náà lè lọ láìpadà. Ọ̀gá ilé ọtí káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n àánú lọ́tọ̀, ọjà lọ́tọ̀.

"Tí àwọn oníbàárà mi bá dìde lọ ní Sátidé yìí," ọ̀gá wí, "màá gbé iṣẹ́ yín fún Díjéè. Ẹ̀rọ lòun fi ń ṣe tirẹ̀. Ọ̀fun kì í dun ẹ̀rọ."

"Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀," mo ní. "Èmi ni màá kọrin."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí látòkè délẹ̀. Ó mọ̀ pé mo lè kọrin. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ẹgbẹ́ tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ tọ́ dàgbà lè fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí ohùn rẹ̀ tó padà. Ẹ̀rù yẹn bà mí náà, àmọ́ n kò jẹ́ kó hàn lójú mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àmì. Ọwọ́ mi méjèèjì ni gìtá ń lò, n kò lè gbé ìkankan sẹ́yìn. A fẹnu kò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò jókòó tì wá, yóò sì máa ṣe àmì bó ṣe máa ń ṣe é. A dán an wò lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, níbi tó ti jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí gbogbo wa jọ kọjú sí ògiri. Ó lọ geere.

Ní Sátidé, àwọn sípíkà ti gba gbogbo àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi wá fa àga kan síwájú, láàárín àwọn oníbàárà, ó kọjú sí wa. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn orin tó ṣáájú jẹ́ ti ìka, wọ́n sì dùn. Mo kọ wọ́n, ohùn mi já gaara, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i pé àwọn tó wà nítòsí ilẹ̀kùn ti ń wá báàgì wọn. Díjéè fara ti káńtà, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà rí wọn. Ó fẹ́ kí tọkọtaya dìde jó, ló bá gbé ìkúùkù òsì sókè.

Wáyà wo ọwọ́, ó rí i pé òsì ni, ó bẹ̀rẹ̀ Dúró Dè Mí. Bọ̀dá Oníbúrẹ́dì kò wo ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ ló wò. Látọjọ́ tó ti ń jókòó sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, ìkúùkù tó bá yọ lápá ọ̀tún, Ọkọ̀ Ojú Irin ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sì ti kọjú sí wa, apá ọ̀tún wa ni ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ́ sí. Bọ̀dá bá fi gbogbo agbára ṣí ọkọ̀. Kí n má purọ́, ọkọ̀ yẹn ni èmi náà wọ̀.

Ariwo wo nìyí! Gìtá ń bẹ̀bẹ̀, ìlù ń sáré. Wáyà wò wá bí ẹni tí wọ́n já àwo oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. Mo rí i tó mí kanlẹ̀, mo rí i tó la ẹnu, mo sì mọ igbe tó ń bọ̀. Ẹyọ igbe kan báyìí, ohùn tí dókítà ń ṣọ́ ti lọ nìyẹn.

Mo yára jù ú lọ. N kò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi ni mo jù sórí ìlù tó ń sáré yẹn:

"Dúró dè mí, ìyàwó mi!"

Obìnrin kan nídìí ilẹ̀kùn, tó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, kígbe dá mi lóhùn: "Ó ti lọ!"

Ilé ọtí bú sẹ́rìn-ín. Mo rí ibi tí orin náà ń lọ wàyí, mo tẹ̀ lé e.

"Má kó ẹrù rẹ!"

"Ó ti kó o!" Gbogbo tábìlì ìdí ilẹ̀kùn ló dáhùn.

"Ta ni yóò máa gbọ́únjẹ fún mi?"

"Lọ kọ́ ọ!" Àwọn obìnrin nìyẹn, látigun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé.

Wáyà rẹ́rìn-ín, ó sáré bá wa. Wọ́n ń ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń jó. Obìnrin yẹn ń jó tòun ti báàgì léjìká. Ọwọ́ ọ̀gá kò ká ọtí tí wọ́n ń béèrè mọ́, ó wá gbé atẹ ife kan lé Díjéè lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dé tábìlì yẹn." Díjéè gbé e.

Ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín, láìjẹ́ kó dún.

Bí orin ṣe fẹ́ parí, mo wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún àmì tó kàn. Ó wojú mi. Ó rọra jókòó, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn, kò sì mú ojú kúrò lára mi. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Ó sì dùn mí fún un, torí kò lè rọrùn fún un láti jókòó lé ọwọ́ yẹn.

Mo kọ ẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dáadáa. Mo yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò lára okùn, béèsì mi dákẹ́ fírí. Mo gbé ọwọ́ náà sẹ́yìn, mo di ìkúùkù. Ọkọ̀ ojú irin gbéra, Wáyà náà sì wà nínú rẹ̀.