Àjákù Léèsì Lẹ́nu Àpò

Bọ́tìnnì kan ti já lára ṣẹ́ẹ̀tì Jùbrílù nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú mọ́tò ọlọ́pàá níwájú kóòtù. Ràṣídátù ìyàwó rẹ̀ rí i, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ránṣọ fún ìdajì àdúgbò Adébáyọ̀, tí kì í jẹ́ kí fọ́nrán òwú kan yọ lára aṣọ oníbàárà, òun ni wọ́n kó ṣẹ́kẹṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́ yìí, nítorí igbó tí kò fa rí láyé rẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ káwọ́ lérí. "Nọ́fíù àbúrò rẹ ló tú ulé mi ká! Ọmọ mi ń bo àna mọ́lẹ̀, àna ti sá lọ!"

Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Nọ́fíù ló gbé àpò ìrẹsì náà wá láti Ìgbẹ́mọ̀, ó ní kí Ràṣídátù bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. A kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù. Gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn kan ń jáde nínú ìrẹsì náà, Ràṣídátù sì tú u. Abẹ́ ìrẹsì ni ewé gbígbẹ náà wà, wọ́n fi bébà wé e. Kò lè tú àṣírí ọmọ ìyá rẹ̀ fún ọkọ, kò sì lè gbé nǹkan náà sí yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Ló bá so ẹnu àpò padà, ó sì gbé e lọ sábẹ́ tábìlì tí ọkọ rẹ̀ fi ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjà Ọba ni Ràṣídátù wà nígbà tí ọlọ́pàá dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá fa àpò náà jáde, wọ́n béèrè ẹni tó ni ín, Jùbrílù sì ní òun ni. Nọ́fíù gbọ́, ó na pápá bora.

Lọ́yà Adélékè, agbẹjọ́rò Jùbrílù, pe Ràṣídátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Mùínátù, òfin tí àwọn sọ́jà ṣe lórí igbó yìí ò mọ ojú àna. Ohun méjì ló ń wò: ọwọ́ ta ni ẹrù náà wà, àti pé ṣé onítọ̀hún mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ yín ò bá mọ̀, ọ̀nà ṣì wà. Ṣùgbọ́n ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ni ín, ó sì kọ̀ jálẹ̀, kò fẹ́ yí i padà. Ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ ni o. Ṣé ẹlòmíràn wà tó mọ̀?"

"Nọ́fíù mọ̀."

"Nọ́fíù ò sí níbí. Mo ní ẹni tó lè dìde sọ̀rọ̀."

Ràṣídátù ro ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ta ni yóò tọ́jú àwọn ọmọ bí wọ́n bá ti òun mọ́lé? Ó ń tu ara rẹ̀ nínú: ọkọ òun ló fẹ́ bo àna rẹ̀, òun kọ́ ló rán an. Ó fi lọ́yà sílẹ̀, ó wọ inú kóòtù lọ jókòó.

Ọlọ́pàá gbé àpò náà sórí tábìlì. Okùn tí Ràṣídátù fi so ó ṣì ń fì lẹ́nu rẹ̀: àjákù léèsì aláwọ̀ ewé, èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ Iléyá rẹ̀. Jùbrílù fúnra rẹ̀ ló ra léèsì náà, òun ló gé e, òun ló rán an. Kò sí bí kò ṣe ní dá a mọ̀.

"Ṣé ìwọ lo ni àpò yìí?" ni adájọ́ bi í.

Jùbrílù wo àjákù léèsì náà. Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀, ó sì rọra mi orí fún un, bó ṣe máa ń ṣe níwájú àlejò bí kò bá fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe àna ló ti ń bò láti ọjọ́ yìí wá.

"Èmi ni, Olúwa mi."

Ràṣídátù ò mọ ìgbà tó dìde. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń fà á láṣọ pé kó jókòó, àbí kò mọ ibi tó wà ni?

"Olúwa mi," ó ní, "léèsì tó wà lẹ́nu àpò yẹn, èmi ni mo so ó."