Ọ̀gá Tó Ń Tú Iṣẹ́ Wa

Mo jẹun tán, mo padà sídìí maṣíìnì mi, ni mo bá rí i pé ọ̀gá wa tuntun ti tún tú ọrùn aṣọ tí mo rán. Ara mi gbóná. Ṣé àná ni mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ ni?

Lóòótọ́, òun ló mọ aṣọ rán jù nínú gbogbo wa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò jẹ́ ká rímú mí. Ẹni tó bá ti dìde báyìí, á tú iṣẹ́ onítọ̀hún, á tún un rán, kò sì ní sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ fún un.

Bọ́tìnnì ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó rà á. Àwọn oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ọ̀gá dorí kodò, ó ń rán ọrùn aṣọ mi.

Mi ò bá a jà. Mo lọ jókòó sórí àga rẹ̀, mo ní kí àwọn oníbàárà máa wọlé.

Ó gbójú sókè. "Àǹtí, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ wà nídìí iṣẹ́ mi, ọ̀gá. Ta ló máa wà nídìí tiyín?"