Ẹni Tó Lọ Sinmi

"Gbọ́ ọ fúnra rẹ," ni Ìyá Sufyan wí. Ó gbé fóònù ọmọ rẹ̀ sórí tábìlì Nafisah, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ohùn ọkùnrin kan jáde, ó tutù, kò kánjú. "Sufyan, ẹ káàárọ̀ o. Ìsinmi yín ti parí. Iṣẹ́ ń dúró dè yín ní Malete, aago mẹ́sàn-án."

Ọwọ́ Nafisah dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ìjẹta ni wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ Sufyan ní Ọjà Tuntun. Òun gan-an bá wọn pín másà sàráà.

"Láti ìgbà wo ló ti ń pè é, Ìyá?"

"Láti àná. Mo tẹ ibi tí òun máa ń tẹ̀, mo ní, 'Níbo lo wà?' Ó ní, 'Malete, ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí.' Ni mo bá wọkọ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi kírun alásàrí." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "O ṣáà mọ̀ ọ́n. Kì í tètè dé ibì kankan."

Ní ọ́fíìsì wọn ní Tanke, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ omi ilé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kan ló ń pín iṣẹ́. Ìránṣẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Òun ló ń wo pátákó iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, tó ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Irinṣẹ́ ni wọ́n ń pe ohun kọ̀ọ̀kan tó lè ṣe, àlàyé kúkúrú sì wà lábẹ́ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àlàyé yẹn nìkan ni Ìránṣẹ́ fi ń mọ èyí tó yẹ kó lò. Ohun tí a kọ ló gbọ́. Ohun tí a ní lọ́kàn kò kàn án.

Ọ̀gá wọn, Abdulwaris, ló kọ gbogbo àlàyé náà. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń jẹ́ Dókítà. Ìwé tí wọ́n fi ń gba oyè náà nìkan ló kù kó kọ. Yorùbá tó kọ fún Ìránṣẹ́ dùn mọ́ ọn débi pé ó kà á lórí rédíò, ó sì ní kí wọ́n tún un gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Nafisah ṣí pátákó iṣẹ́. Orúkọ Sufyan ti tún di àwọ̀ ewé, àmì ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó wo irinṣẹ́ tí Ìránṣẹ́ lò.

*Ìdádúró: Lò ó fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá lọ sinmi. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, pè é padà sẹ́nu iṣẹ́.*

Lábẹ́ rẹ̀ ni ohun tí Nafisah fúnra rẹ̀ kọ wà, lọ́jọ́ tí wọ́n sin Sufyan: *Sufyan ti lọ sinmi.*

Abdulwaris wọlé, ó kí Hájíà, ìyá Sufyan, wọ́n sì ro ẹjọ́ fún un.

"Ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́ Yorùbá ìjìnlẹ̀," ló wí.

"Ó gbọ́, sà. Àwa la ò sọ ọ́."

"Kí n wá kọ 'kú' sínú iṣẹ́ mi? Lójú Hájíà? Kọ ọ́ pé 'ẹni tó papò dà'."

"Yóò gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, sà."

"'Ẹni tó re ibi àgbà ń rè', ńkọ́?"

"Yóò béèrè àdírẹ́sì."

Ìyá Sufyan ń yí fóònù náà po lọ́wọ́. "Bí ẹ bá kọ ọ́," ló wí, "kò ní pè é mọ́?"

"Kò ní pè é mọ́, Ìyá."

Ìyá Sufyan gbé fóònù náà lé itan rẹ̀.

"Lánàá, gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá dúró ni mò ń dìde. Kọ ọ́, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi ò lè tún gbé mi dé Malete lọ́la. Bó bá sì tún pè é, màá lọ."



Nafisah kọ ọ́: *Ìyọkúrò: Lo irinṣẹ́ yìí fún òṣìṣẹ́ tó ti kú. Má ṣe ránṣẹ́ sí i mọ́ láé. Sọ fún ọ̀gá kó yan ẹlòmíràn.* Lẹ́yìn náà ló kọ *Sufyan ti*. Lẹ́tà méjì péré ló kù. Ó pẹ́ kó tó tẹ̀ wọ́n.

Orúkọ aláwọ̀ ewé náà kúrò lórí pátákó. Ohùn kan náà sì sọ̀rọ̀ láti inú àpò Abdulwaris.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Sufyan ti kú. Ẹ yan ẹlòmíràn fún iṣẹ́ Malete."

Abdulwaris fi ọwọ́ bo àpò náà bí ẹni ń bo ẹnu ọmọdé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Sufyan, kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọ́fíìsì yẹn.

Ìyá Sufyan pa fóònù ọmọ rẹ̀. Ó fi ìṣẹ́tí ìborùn rẹ̀ wé e, ó dì í ní kókó, ó sì dìde.

"Nafisah," ló wí, "níbo ni wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́ Ọjà Tuntun níbí? Mò ń lọ sílé."