Ìbéèrè Mọ́kànlá láti Skọ́tíláǹdì

Àwọn mẹ́jọ ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé ìlú wa. Kò sí ẹni tó kéré sí ọgọ́ta ọdún nínú wọn. Àwọn méje wá nítorí pé ilé wọn dákẹ́ jù. Tauno Rissanen nìkan ló wá nítorí lẹ́tà.

Ó fi lẹ́tà náà hàn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Marjut, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti lọ́kọ sí Skọ́tíláǹdì láti ọdún pípẹ́. Ibẹ̀ ló kú sí ní ìgbà ìwọ́wé èṣí. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Iona, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa. Ọmọ náà kọ̀wé pé: “Bàbá àgbà, màá fóònù yín ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, ní agogo méjìlá ọ̀sán. Mo fẹ́ bi yín nípa Mọ́mì nígbà tó wà ní kékeré. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bi.”

“Tíṣà,” Tauno ní, “ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù. Ẹ kọ́ mi kí n lè dáhùn.”

Mo kọ́ ọ. Mo kọ ìbéèrè nípa ohun tó ti kọjá sórí páálí kéékèèké, mo pín wọn ní méjì-méjì kí wọ́n máa bi ara wọn. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: dáhùn ohun tí wọ́n bi ọ́, kí o sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lọ. Rárá, kò lọ. Ẹni tó bá fi ìtàn kún un, màá fi bírò pupa fa ìlà sí orúkọ rẹ̀. Inú àpọ̀jù ọ̀rọ̀ ni àṣìṣe máa ń sá sí.

Òfin náà kò ni wọ́n lára. Ní ìlú wa, ẹni tó ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ dà bí àlejò tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onílé láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá ní ohun láti sọ yóò sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, a ó fi í sílẹ̀.

Hellevi, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Tauno, ni mo fi ṣe ẹnì kejì rẹ̀.

“Kí lo ṣe lánàá?” ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì.

“Mo kó yìnyín.”

Àwọn méjèèjì káwọ́ gbera, wọ́n ti parí.

“Ó ku páálí mẹ́rin,” mo ní.

Hellevi yí sí èdè wa. “Tíṣà, ogójì ọdún ni mo ti ń wo ọkùnrin yìí. Kí ló tún kù tí màá bi í? Ṣòkòtò rẹ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí okùn níta.”

“Òtútù ti mú un gan ni,” Tauno ní. “Ìgbà ìrúwé ni mò ń dúró dè.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé Sátidé náà, Tauno ló kọ́kọ́ dé. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ṣé ó pè?”

“Agogo méjìlá géérégé. Ìbéèrè mọ́kànlá ló bi mí, mo dáhùn mọ́kànlá. Mi ò ṣi ẹyọ kan.”

“Ìgbà wo ló tún máa pè?”

“Kò sọ. Ó ní kí n máà bínú pé òun dí mi lọ́wọ́.”

Mo ní kó ka gbogbo rẹ̀ fún mi, nítorí ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé. Ṣé Mọ́mì fẹ́ràn adágún? Bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé ó máa ń bẹ̀rù òkùnkùn? Rárá, kì í bẹ̀rù. Ṣé àárò rẹ̀ ń sọ yín? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sọ mí. Ìkọkànlá ni: Ṣé nǹkan kan wà tí ẹ fẹ́ bi èmi náà? Rárá, o ṣeun.

“Kí ló dé tí ẹ ní rárá?”

“Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú? Kí n wá máa tọ pinpin rẹ̀? Ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un.”

“Bàbá Tauno, kò mọ ọ̀wọ̀ yẹn. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹni tí kò bi ọ́ ní nǹkan kan kò fẹ́ mọ̀ ọ́ ni.”

Ó ká ìwé náà. “Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n dáhùn kí n dákẹ́.”

“Èmi ni.”

Nígbà tí àwọn yòókù jókòó tán, mo kó páálí padà sínú àpò. Mo ní kí Hellevi bi Tauno ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ rárá.

“Kí lo ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ tí Marjut lọ?”

Tauno dáhùn, àṣìṣe wà nínú gbogbo gbólóhùn rẹ̀. Ó gbé àpótí lọ síbi bọ́ọ̀sì. Ó ń bó ọsàn fún un lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì dé. Ọsàn náà kù sí i lọ́wọ́. Ó gbé e délé, kò jẹ ẹ́. N kò fa ìlà kankan.

“Pe ọmọ náà,” Hellevi ní.

“Mi ò lè ṣàdéédé pe ọmọ ọlọ́mọ.”

“Ọmọ ọlọ́mọ kẹ̀? Olórí kunkun! Ọmọ ọmọ rẹ ni!”

Ó pè é lójú wa. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló dáhùn. Tauno dìde dúró, bí ẹni pé ènìyàn wọlé. “Kí ni ìyá rẹ máa ń sè ní ọjọ́ Àìkú? Ṣé ó sọ̀rọ̀ mi rí? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ lẹ́yìn tó kú?” Ó gbé fóònù kalẹ̀. Kò dún títí a fi parí ẹ̀kọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àga rẹ̀ ṣófo. “Ó ní kí ẹ máà bínú,” Hellevi ní. “Ọmọ náà pè é láàárọ̀. Wọn ò tíì parí.”

Hellevi kò ní ẹnì kejì, mo bá jókòó síwájú rẹ̀. Kò mú páálí.

“Ta lẹ bá jẹun lọ́jọ́ Àìkú, Tíṣà?”

“Kò sí ẹnì kankan.”

Ìdáhùn náà pé, ó sì kúrú. Hellevi kò yí ojú kúrò lára mi, ó ń dúró de èyí tó kù.