Iṣu Inú Ṣọ́ọ̀lù

Ní gbogbo Ijegun-Egba, bí Kazeem bá ní òjò ń rọ̀, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ yọwọ́ síta wò ó kí wọ́n tó lọ ká aṣọ. Òun ló ní tánkà epo pupa ṣubú lọ́nà Satellite Town, tí ìdajì àdúgbò gbé kẹ́ẹ̀gì sáré lọ bá omi gọ́tà.

Ẹ̀san irọ́ yẹn dé lọ́jọ́ kẹfà tí Hameedah ìyàwó ẹ̀ bímọ.

"Màmá," Kazeem ní, "ojú ọmọ yìí ti yẹ́lò. Àtàárọ̀ ni ò ti mu ọyàn."

Ìyá ẹ̀, tó wá wẹ ọmọ láti Alákijà, ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù tí Kazeem fúnra ẹ̀ lò lọ́mọdé wé e. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ṣọ́ọ̀lù ọ̀hún fi wà nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Látẹnu ọ̀nà ni òórùn ẹ̀ ti ń ta èèyàn nímú.

"Ọmọ pupa ni," Màmá ní. "Bàbá bàbá ẹ náà pupa."

"Bàbá bàbá mi tó dúdú bí ìdí ìkòkò?"

"Ṣé tánkà tún ti ṣubú ni, Kazeem?"

Kazeem fi ìka tẹ imú ọmọ. Ibẹ̀ yẹ́lò bí gàrí elépo. Ọmọ ò sunkún, kò yí orí. Ìyẹn gan-an ló já a láyà. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn pé ọmọ tójú ẹ̀ bá yẹ́lò, tí ò mu ọyàn, kí wọ́n má fi dọ̀la.

"Ọmọ ò ní jáde kó tó di ọ̀tunla tá a máa sọ ọ́ lórúkọ," Màmá ní, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ìbùsùn, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá.

Hameedah wo ọkọ ẹ̀. "Gbogbo irọ́ tó o ti ń pa látijọ́, òní la nílò ẹ̀."

Kazeem fa iṣu kan yọ nínú èyí tí wọ́n rà de ìsọmọlórúkọ. Ó tú ṣọ́ọ̀lù lára ọmọ, ó fi wé iṣu, ó dé e ní fìlà. Hameedah fi híjáàbù bo ọmọ, ó jáde. Bí Kazeem ṣe ń tẹ̀ lé e ló gbọ́ Màmá tí wọ́n ń rẹ iṣu lẹ́kún: "Ó ti ń wúwo, ọkọ mi."

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ọmọ rọ bí àkísà. Kazeem ń ka èémí ẹ̀ títí dé Festac.

Nọ́ọ̀sì Lilian gbóòórùn tí ṣọ́ọ̀lù fi sára aṣọ ọmọ, ló bá bọ́ ọ kíá. "Ta ló fi káńfọ̀ tọ́jú aṣọ yìí? Ó máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ míì. Ohun yẹ́lò tó ń tinú ẹ̀ jáde yẹn, tó bá lè dé ọpọlọ..." Kò parí ẹ̀. Ó gbé ọmọ sábẹ́ iná búlúù tí wọ́n fi ń wo ojú yẹ́lò.

Kazeem pe Màmá. "A wà ní ọsibítù. Ẹ tú ṣọ́ọ̀lù wò."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rèé lẹ́sẹ̀ mi, ó ń sùn."

"Ẹ ṣáà tú u, Màmá."

Màmá tú etí ṣọ́ọ̀lù, wọ́n rí iṣu.

Màmá dé ọsibítù tàwọn tiṣu. Nọ́ọ̀sì sọ ọ̀rọ̀ káńfọ̀ fún wọn.

"Kazeem lo aṣọ yẹn, nǹkan kan ò ṣe é."

"Ara ọmọ ò dọ́gba, Màmá," Nọ́ọ̀sì ní.

Màmá tú ṣọ́ọ̀lù lára iṣu, wọ́n lọ jù ú sínú dọ́sìbíìnì. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, iṣu wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìrọ̀lẹ́ kí Kazeem tó yọrí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ń sunkún, Màmá. Ó ń wá ọyàn."

Màmá ti dìde. Wọn ò yọwọ́ síta wò ó.