Ọjọ́ Tí Aránṣọ Kan Ilẹ̀kùn Wa

Wọ́n ní ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹni. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì bá ẹnìkejì mi rìn.

Àwa míṣọ́nnárì ìjọ Mọ́mọ́nì, tó ń wàásù láti ilé dé ilé, kì í dá jáde. Méjì-méjì là ń rìn. Ẹnìkejì mi wá dùbúlẹ̀ láti àárọ̀, inú ń run ún, nítorí ọbẹ̀ kíkan tó jẹ lẹ́yìn tí mo ní kó dà á nù.

Oṣù mẹ́ta la fi kan ilẹ̀kùn ìyá aránṣọ àdúgbò wa, tó ń lé wa bí ẹni lé adìẹ. Àná ló tó ní, "Ẹ wá lọ́la, aago mẹ́rin. Màá gbọ́ tẹnu yín." Aago mẹ́rin lù, mo jókòó ti ẹni tó ń kérora, táì lọ́rùn mi. Mi ò tiẹ̀ kí i pẹ̀lẹ́.

Láago márùn-ún, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ìyá aránṣọ ni, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mo retí yín títí. Ṣé kò sí o?"

Òfin wa tún ni pé obìnrin kì í wọ yàrá wa. Mo dí ẹnu ọ̀nà, mò ń kálòlò: "Ẹ má bínú, Mà, ẹ ò lè wọlé."

Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta lẹ fi kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀kan péré lèmi kan tiyín."