Ohun tí Rotia Sọ Létí Kànga

"Wọ́n ní ó ti ní…"

"Ta ni?"

"Rotia ni o. Wọ́n ní létí kànga ló ti sọ ọ́, pé ká… àní ká kó kúrò ní erékùṣù yìí."

"Ká kó lọ síbo?"

"Fiji. Wọ́n tilẹ̀ ní ó ti ra ilẹ̀ síbẹ̀, àbí ọkọ rẹ̀ ló rà á, mi ò mọ̀. Má sọ pé ẹnu mi lo ti gbọ́ o."

Kí oòrùn tó ga, ọ̀rọ̀ náà ti yí abúlé po, ó sì ti bá Rotia fúnra rẹ̀ níbi tó ti ń fọ ẹja. Ó ku ọ̀la kí òun àti Biribo, tí wọ́n jọ ń du ipò aṣòfin erékùṣù náà, kojú ara wọn nínú maneaba, gbọ̀ngàn ńlá tí gbogbo ìlú ti ń jókòó sọ̀rọ̀.

"Màá sọ fún wọn pé irọ́ ni," Rotia wí.

Kaeua, àbúrò ìyá rẹ̀, ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú maneaba láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Kò gbójú kúrò lára ẹní tó ń hun. "Bí o bá pè é nírọ́, ọ̀rọ̀ Fiji yẹn náà ni wọ́n á gbé relé. Béèrè ẹni tó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ."

"Àwọn obìnrin ilé wa ló wà níbẹ̀, ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́? Ó wá ku Bàbá Tiaon, tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá Biribo sì ni!"

"Kí lo sọ gan-an?"

Rotia sọ fún un. Kaeua gbé ẹní náà sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi wà nínú rẹ̀."

"Ó wà nínú rẹ̀, Ìyá."

"Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Má gé e."

Lọ́jọ́ kejì, oníkálukú jókòó sórí ẹní níbi tí ìdílé rẹ̀ ń jókòó sí. Biribo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ bá mi bẹ arábìnrin wa, bó bá dé Fiji, kó fi bàtà ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé àwọn náà ti gba ìwé ìrìnnà?"

Ẹ̀rín bolẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Rotia lò ní Tarawa, olú-ìlú wọn, níbi tí wọ́n ti ń dìde sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Inú bí i, ó ti fẹ́ nàró. Kaeua fà á láṣọ. Ẹni tó bá dúró lé àwọn àgbà lórí níhìn-ín, kò sí ohun tó lè sọ mọ́ tí wọ́n á gbọ́. Ó padà jókòó. Ó jẹ́ kí ẹ̀rín tán, ó tún mú sùúrù díẹ̀ sí i, títí àwọn kan fi ń wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní mo ní ká kó lọ sí Fiji. Ṣé mo gbọ́ yín dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Gbogbo ìlú ló gbọ́."

"Ẹ̀yin ni mo bi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé mo máa ń bá àwọn obìnrin pọnmi ni?" Ẹni méjì péré ló rẹ́rìn-ín.

Rotia kọjú sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. "Ẹ̀yin bàbá, mo tọrọ àyè. Bàbá Tiaon wà níbẹ̀. Bó bá wù wọ́n, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́, gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí kò dáa fún mi."

Bí Tiaon bá ní òun ti gbàgbé, ìbò náà ti lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá arúgbó jà.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu," Biribo wí. "Etí yín…"

"Kí ló ṣe etí mi?"

Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n Rotia kọ́ ni wọ́n ń fi rín lọ́tẹ̀ yìí. Tiaon gbé sìgá rẹ̀ kalẹ̀. Kò pariwo.

"Rotia fa omi, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Ó ní, 'Omi yìí ti ń níyọ̀. Bó bá bàjẹ́ tán, èmi ni màá kọ́kọ́ wá ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn ọmọ mi lọ, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kó tó dọjọ́ náà, ẹ jẹ́ ká gbé àgbá omi òjò sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, torí mi ò fẹ́ lọ.'"